Àpá Tí Mo Pa Rẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ jù lọ láyé mi ni "Má rẹ́rìn-ín." Àwọn tó bá wá ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni mò ń sọ ọ́ fún. Ọ́fíìsì tí wọ́n ń mú un lọ kì í gba ẹ̀rín: eyín kò gbọdọ̀ hàn, etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn, ohun tó wà lẹ́yìn ẹni gbọ́dọ̀ funfun báláú. Bí mo bá ti ní kí wọ́n má rẹ́rìn-ín báyìí, àwọn kan á bú sẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀, àwọn àgbà míì á sì le ojú koko bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n á ti gba fọ́tò wọn, wọ́n á sì máa lọ.

Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí géètì yunifásítì. Àga onígi kan tí kò ní ibi ìfẹ̀yìntì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun lára ògiri àti iná méjì. Lẹ́yìn aṣọ funfun yẹn ni yàrá tí mò ń sùn wà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, mo sì ti ń dá gbé fún ọdún méje. Ojú tí mò ń rí lójúmọ́ lè tó ogójì, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ni gbogbo wọn ń wò, wọn kì í wò mí. Ká má parọ́, ó máa ń dùn mí. Bí mo bá ti tilẹ̀kùn, orí àga oníbàárà yẹn ni mo ti máa ń jẹun, torí ó ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lára ẹni tó jókòó síbẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè pè ní ará ilé ni Ìyá Kọ̀ǹpútà, opó tó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tèmi. Pákó lásán ló wà láàárín wa. Kò sí ohun tí mo sọ tí kì í gbọ́, ohun tó bá sì gbọ́, kì í lè pa á mọ́ra.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọmọbìnrin kan wọlé, eruku pákó wà lára bàtà rẹ̀.

"Ẹ káàsán o. Mo fẹ́ ya pásípọ́ọ̀tù. Ti òkè òkun ni."

"Òkè òkun ti dé nìyẹn! Ìgbà wo lo máa lọ?"

"Ó ṣì ku bí ọdún kan."

"Ọdún kan? Àwọn ẹlòmíì, bó bá ku ọ̀la ni wọ́n ń sáré wá."

"Àwọn yẹn náà ni wọn kì í lọ," ó ní. "Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó lọ tí wọ́n bọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ lọ lọ́dún tó ń bọ̀, òní ló ti pẹ́ jù."

Ó fa bébà kan yọ nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi bí ẹni tó fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́. Gbogbo ètò rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ní láti wá ilé ẹ̀kọ́ tó ní irú iṣẹ́ tí òun ń kọ́. Ó ní láti bi ọ̀gá ẹ̀ka wọn pé èwo nínú ẹ̀kọ́ ọ̀hún ni wọ́n máa kà mọ́ tibí, kó má baà padà wá tún ọdún kan ṣe. Ìwé ìrìnnà wà níbẹ̀, lẹ́tà olùkọ́ méjì, lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ máa fi sọ ìdí tó fi fẹ́ lọ, àti fọ́ọ̀mù tí òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Ọdún kan péré ni yóò lò lọ́hùn-ún, á sì padà wá parí níbí. Ó ti fa ìlà sí méjì tó ti parí nínú wọn, ilé ẹ̀kọ́ sì jẹ́ ọ̀kan.

"Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ loníṣẹ́ o," mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹni tó bá fi orí tì í dópin ni," ó dá mi lóhùn. "Èmi á fi orí tì í."

"Kí lò ń kọ́ gan-an?"

"Igi."

"Igi báwo?"

"Igi náà. Ìdí tí ilẹ̀kùn fi máa ń wú lásìkò òjò, tí kì í ṣe é tì mọ́. Bàbá mi, káfíńtà ni wọ́n, ilẹ̀kùn ni wọ́n ń ṣe. Ilé gíga kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún tó jẹ́ pé igi nìkan ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀, láti àárọ̀ dalẹ́."

"Ó dáa, Onígi, jókòó. Má rẹ́rìn-ín."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo tún un sọ, ó tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní, "Ẹ̀yin Má-rẹ́rìn-ín yìí, ẹ̀yin gan-an lẹ ń pa mí lẹ́rìn-ín!"

"Orúkọ yẹn bá a mu!" Ìyá Kọ̀ǹpútà pariwo láti ẹ̀yìn pákó. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti pè mí ní nǹkan míì mọ́ ládùúgbò.

Nígbà tó wá dákẹ́, tó wo kámẹ́rà, mo rí àpá kan lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì. Ó gùn tó ìka ọwọ́, ó ń dán. Mi ò bi í. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo pa àpá náà rẹ́. Bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo oníbàárà nìyẹn, ìbáà jẹ́ irorẹ́, ìbáà jẹ́ ojú tó wú tàbí ara tó hun jọ. Kò sẹ́ni tó ń ní kí n ṣe é, kò sì sẹ́ni tó bá mi jà rí lórí rẹ̀. Ẹ̀bùn ni mo kà á sí. Ti ẹlòmíì kì í gbà mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo fi ṣe tirẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó tán.

Nígbà tó wá gbà á lọ́jọ́ kejì, ó wo fọ́tò náà pẹ́.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ ṣeun." Ó kó o sínú àpòòwé, ó lọ. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ohun tó máa sọ.

Bí ètò yẹn ṣe ń lọ ló ń gbé e wá. Ìyá Kọ̀ǹpútà bá a lẹ bébà náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Onígi á wá fa ìlà sí ọ̀kan, á sì yà sọ́dọ̀ mi wá ròyìn. Olùkọ́ kan ti kọ lẹ́tà. Ìkejì ń fòní-dónìí fọ̀la-dọ́la. Ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún ti fèsì, wọ́n ní àwọn á gbà á bí ìwé rẹ̀ bá pé. Mo ti wá mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín ìró ẹsẹ̀ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá. Ní oṣù kẹta, ó ṣíwọ́ àtimáa pè mí ní "ẹ," ó di "o." Mo gbọ́ ọ, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo sì ń rò ó títí mo fi sùn.

Ohun tó ń múnú rẹ̀ dùn náà ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Gbogbo ìlà tó bá fà sórí bébà yẹn, ó ń lọ nìyẹn.

"Ìwọ Má-rẹ́rìn-ín," Ìyá Kọ̀ǹpútà sọ lọ́jọ́ kan, "ṣé o máa sọ̀rọ̀ ni, àbí o máa dúró kó lọ?"

"Mà, ẹni tó ń lọ ni. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó ń lọ?"

"Ọdún kan ló ń lọ, kì í ṣe ọ̀run. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Tó bá wá kọ̀ ńkọ́?"

"Kò kọ̀. Mo ti bá ẹ bi í."

"Ẹ ti ṣe kí ni?"

"Mo ti bá ẹ bi í! Ó ní ẹnu ẹ lòun ti fẹ́ gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu mi."

Nígbà tó yà wọlé lọ́jọ́ náà, mò ń fi sísọ́ọ̀sì gé fọ́tò oníbàárà. Mi ò gbójú sókè. Mo ní, "Onígi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Gbójú sókè kó o tún un sọ."

Mo gbójú sókè, mo tún un sọ. Lẹ́yìn pákó, kò sí ẹni tó ń tẹ nǹkan kan.

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ," ó ní. "Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ ná. Tí mo bá lọ tí mo bọ̀, wá bá Bàbá mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé ọkọ ni mò ń wá kiri dípò ìwé."

Mo ní mo gbọ́. Èmi tí mo ti dá gbé fún ọdún méje, kí ni ọdún kan? Bí mo ṣe sọ fún ara mi nìyẹn, ọkàn mi kò sì gbà á.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kí ọ́fíìsì yunifásítì tó ń rí sí ìrìnàjò náà dẹ́kun àtigba ìwé nígbà tó wọlé, tí ojú rẹ̀ wú.

"Bàbá ò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan." Ó yíjú sí ògiri. "Wọ́n kàn ní àwọn ò fọwọ́ sí i."

Kò pẹ́ tó fi lọ. Bó ṣe kọjá géètì ni Ìyá Kọ̀ǹpútà wọlé tọ̀ mí wá, ó jókòó sórí àga.

"Irọ́ ló pa fún ẹ. Kò fẹ́ kó dùn ẹ́ ni. Fọ́tò ẹ ló fà á."

Ó rò ó fún mi bí Onígi ṣe sọ ọ́ fún un. Onígi kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Bàbá kò rẹ́ni fi í tì, ó ń mú un lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni gúlúù gbígbóná tí wọ́n fi ń lẹ pákó ti dà sí i lójú lọ́jọ́ kan. Bàbá gbé e sáré dé ilé ìwòsàn láìwọ bàtà, kò sì tíì dárí ji ara rẹ̀ di òní. Nígbà tí ọmọ gbé fọ́ọ̀mù wá, inú Bàbá dùn, ó ti mú bírò lọ́wọ́. Ló bá ní kí òun wo fọ́tò tó wà lára ìwé náà.

"Ó bi í pé, 'Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n pa á rẹ́?' Ọmọ ò lè fọhùn. Bàbá dé bírò pa. Ó ní, 'Ẹni tí kò tíì kúrò nílé, tó ti ń pa ilé rẹ́ lójú, tó bá dé ọ̀hún ńkọ́?'"

"Kí ló dé tí kò sọ pé èmi ni?"

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀. Èyí tí mo mọ̀ ni pé èmi ni mo tẹ lẹ́tà rẹ̀. Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé, 'Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nípa igi wà lójú mi.' Ó fi àpá yẹn bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, ìwọ lọ pa á rẹ́! Dìde, kó o lọ sọ fún bàbá ọmọ pé ìwọ ni."

"Mo ti gbọ́, mà."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Mi ò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí kò sẹ́ni tó máa bá mi sọ ọ́. Bí mo bá lọ, Bàbá á fọwọ́ sí i, Onígi á lọ. Bí mo bá dákẹ́, ọjọ́ á kọjá, kò ní lọ mọ́. Mo dákẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé kò kúkú sẹ́ni tó bi mí.

Onígi ń wá lójoojúmọ́. Kò ní lẹ́tà kankan láti tẹ̀ mọ́, ó kàn ń jókòó sórí àga, à ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a sọ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ju ti oṣù márùn-ún lọ. Mo sọ fún un nípa ìyá mi tó fẹ́ ọkọ míì tó sì kó lọ, àti bó ṣe jẹ́ pé mi ò ní fọ́tò ara mi kankan láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bóyá kò tiẹ̀ yẹ kí n lọ. Igi ṣáà wà níbí náà."

"Igi pọ̀ níbí," mo ní.

Ojú tì mí bí mo ṣe sọ ọ́, síbẹ̀ inú mi dùn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. À ń ṣàwàdà, kò sì sẹ́ni tí ara tù nínú wa. Ìyá Kọ̀ǹpútà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kàn ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbà-gbà-gbà bí ẹni tó ń gbá mi létí.

Ní ọjọ́ kọkànlá, Onígi jókòó, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. "Ya mí," ó ní. "Kì í ṣe pásípọ́ọ̀tù mọ́, mo lè rẹ́rìn-ín báyìí."

Mo gbé kámẹ́rà. Ó rẹ́rìn-ín. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa wo ojú. Eyín rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò bá a dé ibẹ̀. Mo dúró bẹ́ẹ̀, mi ò lè tẹ̀ ẹ́.

"Kò yà?" ó bi mí.

"Iná ni kò dáa," mo ní.

Ó dìde, ó lọ sí ọ̀dọ̀ Ìyá Kọ̀ǹpútà. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn pákó. Mo gbọ́ bí sẹ́lótéèpù ṣe ń já kúrò lára ògiri, ẹ̀ẹ̀mẹrin, igun bébà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ bó ṣe ń ya bébà náà wẹ́wẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo lọ.

Ìsọ̀ Bàbá wà ní ìkángun àdúgbò wọn. Ilẹ̀kùn mẹ́fà fara ti ògiri níbẹ̀, ó sì ń fá pákó ìkeje. Ìka rẹ̀ kan ti gé dé ìdajì.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́."

"Òo. Ilẹ̀kùn lo fẹ́ ṣe?"

"Rárá, sà. Èmi ni mo ya fọ́tò ọmọ yín."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Èmi ni mo pa àpá yẹn rẹ́. Kò ní kí n ṣe é. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé mo fẹ́ ṣe é. Gbogbo ẹni tó bá wá ni mò ń ṣe é fún."

"Ìgbà wo lo gbọ́ pé mi ò fọwọ́ sí ìwé rẹ̀?"

Ìbéèrè tí mò ń sá fún nìyẹn. "Ó di ọjọ́ méjìlá lónìí, sà."

"Ọjọ́ méjìlá." Ó fẹ́ eruku kúrò lórí pákó. "Tí káfíńtà bá rí kòkòrò nínú pákó, tó fi ọ̀dà kùn ún, tó gbé e fún oníbàárà, ṣé ó parọ́? Kò kúkú sẹ́ni tó bi í."

Ó gbé ohun tó fi ń fá pákó sílẹ̀.

"O fẹ́ràn rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O ò fẹ́ kó lọ."

"Mi ò fẹ́ kó lọ, sà."

Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Mo rí i pé ó ti dàgbà ju bí mo ṣe rò lọ.

"Èmi náà," ó ní. "Èmi náà ò fẹ́ kó lọ. Mo mọ ọmọ mi. Mo mọ̀ pé òun kọ́ ló máa ní kí wọ́n pa ojú òun rẹ́. Àwáwí ni mò ń wá, ìwọ lo gbé e lé mi lọ́wọ́." Ó fi ọwọ́ eléruku nu ojú. "Lọ ya òmíì fún un. Bí ojú ọmọ mi ṣe rí ni kó o fi í sílẹ̀. Màá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè máa wo ọmọ mi bó ṣe ń sunkún fún ọjọ́ méjìlá, mi ò ní fi ọmọ mi fún un. Má dé ilé mi mọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Onígi wá, Bàbá ti ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó jókòó, ó wo kámẹ́rà.

"Ẹ ya mí," ó ní.

"Ẹ" tó ti fi sílẹ̀ láti oṣù mélòó kan ló padà gbé. Ì bá kúkú bú mi.

"Onígi, jọ̀ọ́..."

"Ṣé ẹ mọ ìdí tí mi ò fi sọ fún Bàbá pé ẹ̀yin ni? Nígbà tí mo rí fọ́tò yẹn, ó wù mí. Ìṣẹ́jú kan péré. Mo ní báyìí ni ǹ bá ṣe rí. Nígbà tí Bàbá wá bi mí, mi ò lè la ẹnu mi sọ pé ọwọ́ mi mọ́. Mò ń tijú lórí ìṣẹ́jú kan, Má-rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lo ọjọ́ mọ́kànlá, ẹ sì ń bá mi ṣàwàdà."

Mo yà á. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mi ò ní kí oníbàárà má rẹ́rìn-ín. Mo fi àpá náà sílẹ̀ bó ṣe wà, mo gé fọ́tò náà, ó gbà á, ìwé rẹ̀ sì wọlé nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin. Kò yà sọ́dọ̀ mi mọ́ títí ó fi lọ. Ọjọ́ tó lọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi láti àárọ̀, bóyá ọkọ̀ wọn á gba ibẹ̀. Kò gba ibẹ̀.

Mo ti rò pé mo mọ ohun tí ìdágbé jẹ́. Irọ́ ni. Ìdágbé ẹni tí kò ní ẹni tó ń retí yàtọ̀ sí ti ẹni tó ṣẹ ẹni tó ń retí. Mi ò jẹun lórí àga yẹn mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, màá kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù mi, "Onígi, ṣé dáadáa lo wà?" Màá wò ó, màá pa á rẹ́. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ náà ni.

Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé mi ò pa nǹkan rẹ́ lójú oníbàárà mọ́. Ìjà kò tán lórí rẹ̀.

"Kí ló dé tí ojú mi fi rí báyìí?" ìyá àgbà kan bi mí.

"Ojú yín ni, mà."

"Mo mọ̀ pé ojú mi ni! Kí ló dé tó fi rí báyìí?"

Ìyá Kọ̀ǹpútà á máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn pákó. Ó ti dárí jì mí. Òun ló ń gbọ́ ìròyìn Onígi: òtútù ń mú un, ó ń dá jẹun, ó ti mọ ìdí tí ilẹ̀kùn fi ń wú. Mi ò bi í bóyá ó béèrè mi. Bó bá béèrè mi, Ìyá Kọ̀ǹpútà ò ní lè pa á mọ́ra, torí náà mo mọ̀ pé kò béèrè mi.

Ní oṣù kẹsàn-án tí Onígi ti lọ, ní ọ̀sán, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi tó ṣí sílẹ̀. Bàbá ni. Ó fi ọwọ́ ra férémù ilẹ̀kùn náà, ó gbọn orí, ó ní, "Ta ló ṣe ìranù yìí fún ẹ?" Lẹ́yìn náà ló wọlé.

"Pásípọ́ọ̀tù ni mo fẹ́ yà. Wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ wọn han àwọn èèyàn lọ́hùn-ún kí ọdún tó parí, ọmọ mi ní àfi kí n wá. Ó ní ọ̀dọ̀ ìwọ ni kí n ti yà á, ká má lọ pa èmi náà rẹ́."

Mo tan iná. "Ẹ má rẹ́rìn-ín, sà."

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín?"

Mo yà á, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e fún un. Gbogbo ohun tí ọdún ti kọ sójú rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

"Ṣé mo ti darúgbó tó báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wọlé. "O ti ń sọ òótọ́ báyìí," ó ní. Ó kó fọ́tò náà sápò. Kò lọ. "Ó ku ẹyọ kan. Bọ́ sórí àga."

"Èmi kẹ̀?"

"Fọ́tò èèyàn méjì ló ní kí n mú bọ̀. Ó ní gbogbo fọ́tò tó wà lọ́wọ́ òun, ìwọ lo yà á, ìwọ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, 'Bàbá, ẹni tó máa wá bá yín nítorí mi tí mo bá dé, ṣé kò yẹ kí n máa rí ojú rẹ̀ lójoojúmọ́, kí n lè mọ̀ bóyá inú mi ti rọ̀ sí i?' Mo bi í pé ṣé ó ti rọ̀. Ó ní ó ti ń rọ̀."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń kọ tí mo ń pa rẹ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, kò sí ọ̀kan tó wá sí mi lẹ́nu. Ohun tí mo rí sọ ni pé, "Bàbá, ẹ ní kí n má dé ilé yín mọ́."

"Ṣé ilé mi nibí?"

Mo lọ jókòó. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iná yẹn gbóná tó bẹ́ẹ̀, tàbí pé ẹni tó wà níbẹ̀ kì í mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ rẹ̀ sí. Lẹ́yìn pákó, ìró kọ̀ǹpútà dúró. Bàbá fi ọwọ́ tí ìka rẹ̀ gé gbé kámẹ́rà, ó wò mí láti inú rẹ̀ pẹ́, bó ṣe máa ń wo pákó kó tó rà á.

"Má rẹ́rìn-ín," ó ní.

Mi ò rẹ́rìn-ín. Omi ló ń bọ́ lójú mi, ó ti dé àgbọ̀n.

"Ẹ dákun, sà, ẹ jẹ́ kí n nu ojú mi ná."

"Jókòó jẹ́ẹ́," ó ní. "Má nu nǹkan kan."

Ó sì tẹ̀ ẹ́.